Ọ̀rọ̀ Tí Ìyá Faridah Sọ Létí Gọ́tà

Ìyá Faridah kì í ṣe ẹni tí í dá sí ọ̀rọ̀ ìjọba. Àpèkẹ́ ni oríkì rẹ̀, ọmọ Ṣakí ni, ike ló sì ń tà ní àdúgbò Akébé: korobá, bàsíà, kẹ́tù àlùwàlá, àti àga funfun tí àwọn ará Gàbọ́ọ̀nù máa ń yá nígbà tí èèyàn wọn bá kú. Bẹ̀llò ọkọ rẹ̀ ló mú un wá sí Libreville, olú-ìlú Gàbọ́ọ̀nù, nígbà tó ṣì wà ní ìyàwó tuntun. Nígbà tí Bẹ̀llò kú, ṣọ́ọ̀bù kan àti ọmọbìnrin kan ló fi sílẹ̀ fún un. Àwọn ará ilé ní kó máa bọ̀ nílé. Ó ní ta ni yóò yá àga òkú lọ́wọ́ òun ní Ṣakí.

Ilé tó ń gbé wà ní àdúgbò Venez-Voir, kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù náà, nísàlẹ̀ kòtò, níbi tí ilé pákó àti ilé búlọ́ọ̀kù ti fún mọ́ra wọn bí èrò inú takisí. Bí òjò bá rọ̀, gbogbo omi títì òkè, ọ̀dọ̀ wọn ní ń bọ̀. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n lára. Wọ́n á gbé bẹ́ẹ̀dì lé orí búlọ́ọ̀kù, wọ́n á so àpò ìrẹsì kọ́ àjà, wọ́n á wá máa fi bàsíà gbọ́n omi jáde, ọmọ Gàbọ́ọ̀nù, ọmọ Kútọnú, ọmọ Nàìjíríà, kò sí ẹni tí omi yà sọ́tọ̀.

Ẹni tó bá a pín ògiri ni Célestine, ọmọ Gàbọ́ọ̀nù tó ń ta gbágùúdá tí wọ́n wé sínú ewé. Célestine ní ìyá kan, Régine, arúgbó tí ojú rẹ̀ ti fọ́. Ẹnu ọ̀nà ni Régine máa ń jókòó sí láti àárọ̀, ìró ẹsẹ̀ ló sì fi ń mọ èèyàn. Àpèkẹ́ kò tíì ní yọ ní kọ̀rọ̀ tí arúgbó náà á ti kí i káàbọ̀. Ẹ̀rín ni wọ́n fi máa ń kíra wọn, nítorí Faransé Àpèkẹ́ kò dọ́gba, ti arúgbó náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ sàn jù ú lọ.

Marcellin náà, kòtò yẹn ló gbé dàgbà. Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, Mẹ́tìrì, ìyẹn tíṣà lédè Faransé, ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Inú kòtò yẹn ni èmi náà ń gbé, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ irú èèyàn tó jẹ́ nígbà náà, nítorí bí mi ò bá sọ ọ́, ẹ ò ní mọ ohun tó sọnù. Láyé ìjọba àná, àwọn ọlọ́pàá dí ẹnu ọ̀nà kòtò lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ń béèrè káàdì ìgbélùú lọ́wọ́ àwọn àjèjì. Káàdì Àpèkẹ́ wà lọ́dọ̀ wọn fúnra wọn, ó ti mú un lọ fún àtúnṣe, wọn kò sì tíì fún un padà. Wọ́n ṣáà tì í sínú ọkọ̀ pẹ̀lú Faridah lẹ́yìn rẹ̀. Marcellin jáde láti ilé-ìwé, ẹfun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dúró síwájú ọkọ̀ náà.

"Obìnrin yìí kò jalè," ó wí. "Bí ẹ bá máa gbé e, ẹ gbé èmi náà."

Wọ́n gbá a létí, wọ́n sì gbé e lóòótọ́. Inú àtìmọ́lé kan náà ni wọ́n kó gbogbo wọn sí. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi bo ọmọ. Nígbà tí wọ́n tú wọn sílẹ̀, Àpèkẹ́ fẹ́ fún un ní bàsíà méjì, kò gbà. Ó ní ojúṣe òun ni.

Nígbà tí ìjọba wá yí padà, tí àwọn èèyàn tú síta tí wọ́n ń jó lórí títì, tí wọ́n ń fọwọ́ nu omijé, kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé wọ́n pe Marcellin. Wọ́n ní àwọn ń wá àwọn tí ọwọ́ wọn mọ́. Wọ́n fi í ṣe olùdarí ọ́fíìsì tuntun kan, tí yóò máa rí sí gọ́tà àti ojú ọ̀nà àwọn àdúgbò tí omi ń yọ lẹ́nu. Àwọn ará Venez-Voir jó ju gbogbo ìlú lọ. Àpèkẹ́ kó gbogbo àga rẹ̀ jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọn kò fi àga náà ṣòkú.

Kò bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kọ́kọ́ jẹ́ pé Mẹ́tìrì kò fẹsẹ̀ rìn mọ́. Lẹ́yìn náà, ojú fèrèsé ọkọ̀ ló ti ń kí èèyàn. Nígbà tó yá, gíláàsì ọkọ̀ náà di dúdú, kò sì sọ̀ kalẹ̀ mọ́, èèyàn kàn ń kí ọkọ̀ lásán ni. Wọ́n kó sìmẹ́ǹtì àti irin wá sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n tò ó gègèrè, inú wa dùn. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n da kọ́ǹkéré. Gọ́tà náà sọ̀ kalẹ̀ láti títì, ó fẹ̀, ó dán, ó sì dúró gẹ́lẹ́ níbi tí kòtò ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ ńlá kan wá kó sìmẹ́ǹtì tó kù lọ.

Ismaël ló mọ ibi tó lọ. Káfíńtà ni, Nàgó láti Kétu, ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ti Àpèkẹ́. Wọ́n pè é síṣẹ́ òrùlé ilé kan ní àdúgbò Sibang, ilé alájà mẹ́ta tó ní ọgbà. Ó bá àpò sìmẹ́ǹtì níbẹ̀, àmì ọ́fíìsì Marcellin ṣì wà lára rẹ̀. Ó rí Marcellin fúnra rẹ̀ tó ń fọwọ́ han àwọn òṣìṣẹ́ ibi tó fẹ́ kí àtẹ̀gùn gbà.

"Ìyá Faridah, ẹ̀yin nìkan ni mo sọ fún o," ó wí nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ń wẹ̀yìn. "Ẹ jẹ́ kó kú síbí."

Ìdí wà tó fi ń wẹ̀yìn. Ọmọbìnrin kan wà tó ń ta káàdì fóònù ní ìkóríta, Océane lórúkọ rẹ̀, ẹlẹ́nu mímú ni. Òun náà rí ọkọ̀ tó kó sìmẹ́ǹtì, ó ya fídíò rẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ káàkiri. Lọ́sàn-án gangan, ọkọ̀ kan tí kò ní nọ́ńbà dúró níwájú tábìlì rẹ̀, àwọn ọkùnrin méjì sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní kó jọ̀wọ́ bá àwọn lọ. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n sọ ọ́. Ó padà dé lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Kò sí ojú egbò lára rẹ̀. Ó kó tábìlì rẹ̀ wọlé, kò sì tà mọ́. Bí èèyàn bá bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀, á ní òtútù ló mú òun.

Lẹ́yìn èyí ni Marcellin wá sí ṣọ́ọ̀bù Àpèkẹ́. Àwọn ọkùnrin méjì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àga funfun náà, ó sì na ẹsẹ̀.

"Mama Faridah, ṣé dáadáa lẹ wà?"

"Dáadáa ni, Mẹ́tìrì."

"Olùdarí ni ẹ máa pè wọ́n," ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà wí. Àpèkẹ́ wo Marcellin, ó rò pé yóò fi rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín.

"Lọ́jọ́ Ẹtì a máa ṣí gọ́tà," Marcellin wí. "Àwọn oní-tẹlifíṣọ̀n ń bọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ sọ̀rọ̀ níbẹ̀."

"Èmi kẹ̀? Ẹ mọ̀ pé Faransé mi kò já gaara."

"Èdè yín ni kí ẹ sọ. Ohun tí mo ń wá gan-an nìyẹn, kí wọ́n rí i pé àwọn àjèjì pàápàá ń jẹ àǹfààní ìjọba yìí. Ẹ kàn ní omi kò wọlé yín mọ́, kí ẹ dúpẹ́. Wọ́n á túmọ̀ rẹ̀."

"Ṣùgbọ́n gọ́tà náà kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Orí wa ló kọjú sí. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀..."

"Yóò dé." Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Káàdì ìgbélùú yín ńkọ́? Ìgbà wo lẹ máa tún un ṣe?"

"Ó kù díẹ̀."

"Mo mọ ọ̀gá tó wà níbẹ̀."

Ó dìde, ó kí i pé ó dìgbà. Àpèkẹ́ sọ fún mi pé bó bá ṣe pé ó jágbe mọ́ òun ni, ẹ̀rù ì bá má bà òun tó bẹ́ẹ̀.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ó ti pinnu láti sọ ohun tí wọ́n ní kó sọ. Ó fi kọ́ra níwájú dígí. Nígbà tí ọjọ́ Ẹtì pé, wọ́n ta àtíbàbà lẹ́bàá títì, wọ́n fa ríbọ́ọ̀nù sẹ́nu gọ́tà, wọ́n fún àwọn obìnrin ní aṣọ tuntun. Célestine fa ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ wá, wọ́n fi í jókòó síwájú kí kámẹ́rà lè rí arúgbó. Ọmọbìnrin oníròyìn kan tó ń jẹ́ Peggy, ọmọ tó mọ èèyàn kí, gbé máíkù sí Àpèkẹ́ lẹ́nu. Bó ṣe ní "Orúkọ mi ni," Régine gbọ́ ohùn rẹ̀, ó yí ojú rẹ̀ tó fọ́ sí apá ibẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín sí i bó ti máa ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà. Irọ́ tí Àpèkẹ́ ti há sórí kò jáde mọ́.

"Orúkọ mi ni Àpèkẹ́," ó wí ní Yorùbá, ohùn rẹ̀ kò sókè rárá. "Omi ṣì ń wọlé wa. Gọ́tà yìí kò dé ọ̀dọ̀ wa, inú kòtò wa ló ń da omi títì sí. Òjò ń bọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa parí rẹ̀ kí ó tó pa èèyàn."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Marcellin náà pàtẹ́wọ́.

Ó rò pé ẹni tó máa túmọ̀ rẹ̀ yóò gbọ́, bóyá àánú á ṣe é, tàbí kí wọ́n kàn gé ọ̀rọ̀ òun dànù. Nígbà tí wọ́n gbé ìròyìn jáde lẹ́yìn ìrun Mùgúrúbù, ilé Célestine ni àdúgbò péjọ sí láti wò ó. Ojú Àpèkẹ́ yọ. Ẹnu rẹ̀ là, wọ́n gbọ́ "Orúkọ mi ni Àpèkẹ́," lẹ́yìn náà ni ohùn obìnrin mìíràn gorí ohùn rẹ̀ ní Faransé tó dùn létí: Omi kò wọlé wa mọ́. Àwa àlejò kò rí irú ìjọba báyìí rí nílùú tiwa. A dúpẹ́, a ó máa gbàdúrà fún wọn.

Gbogbo wọn yíjú sí Àpèkẹ́.

"Ohun tí o sọ nìyẹn?" Célestine bi í.

"Rárá. N kò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹnu rẹ ni mo rí."

"Célestine, n kò sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí lo wá sọ?"

Àpèkẹ́ wo àwọn tó wà nínú yàrá náà. Kò mọ ẹni tí yóò gbé ọ̀rọ̀ náà dé etí àwọn ọkùnrin ọkọ̀ aláìnínọ́ńbà yẹn. Ó rántí Océane. Ó dìde, ó lọ sílé rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, àdúgbò yí padà sí i. Wọ́n á máa sọ̀rọ̀, bó bá ti yọ, wọ́n á dákẹ́. Ẹnìkan sọ ọ́ sókè nídìí ẹ̀rọ omi pé àwọn àjèjì ń bá ìjọba jẹ ẹ́, wọ́n sì ń bá wọn nu ẹnu. Régine nìkan ló ń kí i. Nígbà tí Célestine rí i, ó gbé àga ìyá rẹ̀ wọ inú ilé, ó sì gbé e ti ògiri àárín ilé wọn méjèèjì, kó má baà máa rẹ́rìn-ín sí ẹni tó tà wọ́n.

Ismaël wá bá a. "Mo gbọ́ díẹ̀ lábẹ́ ohùn obìnrin yẹn, Ìyá Faridah. Mo gbọ́ pé òjò ń bọ̀."

"Ṣé o lè bá mi sọ fún wọn?"

Ó wolẹ̀. "Mo ní ọmọ," ó wí.

Òjò náà dé lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìrun Áṣárì. Ojú ọ̀run kọ́kọ́ dúdú bí ìdí ìkòkò, kò sí atẹ́gùn, àwọn ajá sì gun orí odi lọ. Láti ṣọ́ọ̀bù ni Àpèkẹ́ ti gbọ́ gọ́tà náà. Ó ní ó ń dún bí ìgbà tí tírélà bá ń sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Tẹ́lẹ̀, omi a máa wá díẹ̀díẹ̀ láti igun gbogbo. Lọ́jọ́ náà, gọ́tà kó gbogbo omi títì jọ sójú kan, ó sì rọ́ ọ lu kòtò lẹ́ẹ̀kan. Ó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ní ṣíṣí, ó sáré. Omi ti dé ìbàdí. Ìkòkò, bàtà àti adìyẹ ń léfòó kọjá lára rẹ̀. Ó ń pe Régine, arúgbó náà sì ń dá a lóhùn láti inú ilé, kò pariwo, ó kàn ń sọ pé òun wà níbí, òun wà níbí. Ismaël ti ń fi àáké ṣá ilẹ̀kùn. Ìgbà náà ni ògiri àárín wó.

Nígbà tí Célestine máa fi ti ọjà dé, wọ́n ti tẹ́ ìyá rẹ̀ sórí pákó.

Àpèkẹ́ fi àga ránṣẹ́ fún ìsìnkú. Àwọn àbúrò Célestine kó o jù sẹ́rọ̀fọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan wá dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní kó jáde wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n sì ju òkúta lu ilẹ̀kùn. Inú òkùnkùn ṣọ́ọ̀bù ni Faridah ti bá a, ó jókòó láàárín àwọn korobá. Libreville ni wọ́n bí Faridah sí, yunifásítì ló wà, Faransé ló fi ń lá àlá. Yorùbá tó gbọ́ kò ju "wá jẹun" àti "káre" lọ.

"Mama, kí lo sọ gan-an?"

Àpèkẹ́ sọ ọ́ fún un. Faridah wá ìròyìn náà jáde lórí fóònù, ó gbé e sétí, ó ń tẹ́tí sí ohùn ìyá rẹ̀ lábẹ́ ohùn kejì.

"Kí ni kòtò?"

Àpèkẹ́ ṣàlàyé.

"Kí ó tó pa èèyàn. Ṣé ohun tí mo rò náà ni?"

"Òun ni."

Faridah dìde. "Jẹ́ ká lọ síbi ìsìnkú náà."

"Wọ́n á mú ọ."

"Kí wọ́n mú mi. Wọ́n ti mú ohùn rẹ ná."

Àwọn obìnrin jókòó sórí ẹní níwájú ilé tó wó náà. Òdòdó ńlá kan wà lórí pósí, Marcellin ló fi ránṣẹ́, orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ ní lẹ́tà wúrà. Àwọn àbúrò Célestine dìde láti lé wọn, Faridah sì gbé fóònù sókè, ó ní kí wọ́n gbọ́ tán kí wọ́n tó ṣe ohun tó bá wù wọ́n. Àpèkẹ́ wá tún ọ̀rọ̀ náà sọ ní gbólóhùn-gbólóhùn gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́ létí gọ́tà, ọmọ rẹ̀ sì ń túmọ̀. Nígbà tó kan "kí ó tó pa èèyàn," ọmọ náà túmọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ismaël dìde láti ẹ̀yìn. Ó bọ́ fìlà. "Òótọ́ ló sọ. Èdè mi ni. Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà, mo sì panu mọ́." Ó wá sọ ti sìmẹ́ǹtì àti ilé Sibang, gbogbo rẹ̀, níwájú gbogbo èèyàn.

Célestine wo Àpèkẹ́. "Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Ẹ̀rù bà mí."

"Èmi ni mo gbé àga rẹ̀ wọlé," Célestine wí. "Èmi ni mo gbé e ti ògiri." Lẹ́yìn náà ló yíjú sí àwọn àbúrò rẹ̀. "Ẹ bá mi gbé òdòdó yẹn kúrò lórí ìyá mi."

Àwọn ọ̀dọ́ ti ya gbogbo rẹ̀ sórí fóònù, kí ilẹ̀ tó ṣú, ìlú ti gbọ́. Ìdáhùn ìjọba kò pẹ́. Marcellin bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, ó wọ aṣọ dúdú, ó de tàì, ó kẹ́dùn. Ó ní ojú ọ̀nà omi ni àwọn èèyàn náà kọ́lé sí, àwọn àjèjì kan sì ń fi ikú arúgbó dá rògbòdìyàn sílẹ̀. Ó ní kí irú rẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀ mọ́, wọ́n á wó gbogbo ilé inú kòtò. Wọ́n wá fi ọ̀dà pupa ya àgbélébùú sára ilé wa.

Lọ́jọ́ tí katakata dé, Marcellin náà wá, àwọn ọlọ́pàá yí i ká. Àpèkẹ́ rìn lọ bá a. Wọn kò dá a dúró, bóyá nítorí pé obìnrin ni, tó sì gbé bàsíà lórí.

"Mẹ́tìrì, ẹni tó wọ ọkọ̀ ọlọ́pàá nítorí mi ńkọ́?"

Marcellin wò ó. Fún ìgbà díẹ̀, ó dà bí ẹni tó fẹ́ dáhùn pẹ̀lú ohùn àtijọ́. "Ẹni yẹn kò lágbára kankan, Mama. Ẹni yẹn kò lè kọ́ gọ́tà."

"Ìwọ náà kò kọ́ ọ," Àpèkẹ́ wí.

Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, katakata sì wó ilé wa. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé e sípò tó ju ti ìṣáájú lọ, gọ́tà gbogbo ìlú ló wà lábẹ́ rẹ̀ báyìí.

Wọ́n pe Faridah sí ọ́fíìsì kan, wọ́n bi í pé ta ló rán an. Ó dé lọ́jọ́ kejì, ó sọ gbogbo ohun tí wọ́n bi í fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́. Káàdì ìgbélùú Àpèkẹ́ kò tíì jáde. Gbogbo ìgbà tó bá lọ, wọ́n á ní kó padà wá. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni òun àti Célestine jọ ń sùn, wọ́n fi kọ́tìnì pín in. Ọkọ̀ kan tí kò ní nọ́ńbà máa ń dúró sí òdìkejì títì. Kò sí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀.

Ismaël gba Àpèkẹ́ nímọ̀ràn pé kó fi Faridah ránṣẹ́ sí Ṣakí kó tó pẹ́ jù. Àpèkẹ́ sọ ọ́ fún ọmọ náà nígbà tí wọ́n ń to korobá síta láàárọ̀.

"Kí ni màá lọ ṣe ní Ṣakí?" Faridah wí. "Yorùbá tí mo gbọ́ kò ju ti ọ̀rọ̀ gọ́tà lọ."

Àpèkẹ́ gbé àga funfun kan síta, ó nù ún, ó sì gbé e sí ibi tó ti lè máa rí ọkọ̀ náà. Òjò ti ń ṣú bọ̀ láti apá òkun, nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n sì ti ń ya ọ̀dà pupa sára àwọn ilé tó tẹ̀ lé èyí tí wọ́n wó.